Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ẹṣin Má Jáde ní Kano, Ó Kan Àwa Náà

Iléyá 2024, ẹṣin ò jáde ní Kano. Ìtúnu Ààwẹ̀ 2025, ẹṣin ò jáde. Iléyá 2025 tún dé, àwọn ọlọ́pàá tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ẹṣin wọ ìgboro. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ìlú yìí ló gbọ́ ìròyìn náà tí wọ́n sì ní, "Èwo ló kàn wá níbẹ̀? Ìjà ọba ni, àwọn onílé ló ń bá ara wọn fà á." A gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, a gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́, kódà a gbọ́ ọ nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Èrò tiwa ni pé ó kàn wá dáadáa, a sì fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa sọ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano níbí, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kaduna, Minna, Jos, Sokoto, Calabar, Onitsha àti ibikíbi tí a bá ti ń jẹun lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà: ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún 2024, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Kano fagi lé òfin 2019 tó sọ ìtẹ́ Ẹ́míà kan di márùn-ún. Gómìnà Abba Kabir Yusuf wá dá Muhammadu Sanusi Kejì padà sórí oyè. Aminu Ado Bayero tó wà lórí oyè tẹ́lẹ̀ kò gbà, ó padà wọ ìlú, ó sì jókòó sí ààfin kékeré tó wà ní Nassarawa. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Ìlú kan, Ẹ́míà méjì. Bí àwọn méjèèjì bá kó ẹlẹ́ṣin jáde lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n pàdé ní oríta, ta ló máa yà fún ta? Ohun tí ọlọ́pàá rò nìyẹn tí wọ́n fi ní kí gbogbo rẹ̀ dúró. A ò lè sọ pé ẹ̀rù wọn kò nídìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bọ́ sí: ní oṣù Kejìlá 2024 ni àjọ UNESCO kọ ẹṣin gígùn ọdún Kano mọ́ àwọn àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Oṣù mẹ́ta lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìtúnu Ààwẹ̀ dé, ìgboro sì dá wáí.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe máa ń rí, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti lo ogún ọdún ní Kano tí wọn ò rí i rí. Lọ́jọ́ ọdún gan-an ni Hawan Idi, tí Ẹ́míà bá ti yídì bọ̀. Ọjọ́ kejì ni Hawan Daushe. Ọjọ́ kẹta ni Hawan Nassarawa, tí Ẹ́míà ń gun ẹṣin lọ kí gómìnà. Hawan Daushe yẹn ni ìlú máa ń tú jáde sí jù. Bí oòrùn bá ti yẹ̀rì báyìí, ẹ̀gbẹ́ títì á ti kún. Àwọn hákímì á ṣíwájú, tàwọn ti èèyàn wọn, àwọ̀ aṣọ wọn ò jọra. Àwọn ẹlẹ́ṣin kan á wà tí aṣọ òwú tó nípọn bíi tìmùtìmù bo àwọn àti ẹṣin wọn, aṣọ ogun ayé àtijọ́ ni. Wọ́n á máa fun kàkàkí. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ẹ mọ kàkàkí, òun náà ni. Àwọn dógàrí á dé pẹ̀lú aṣọ pupa àti àwọ̀ ewé, lẹ́yìn wọn ni Ẹ́míà fúnra rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn ńlá tí wọ́n ń yí bírí bírí, abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ ògòǹgò lọ́tùn-ún lósì. Iwájú ààfin ní Kofar Kudu ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń sáré àsápajúdé bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọba, á dà bíi pé wọ́n fẹ́ gbà á mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fa ìjánu lójijì, wọ́n á nawọ́ sókè kí i. Eruku á bò wá. Ọmọdé á pariwo, àgbà náà á pariwo.

Láti Sabon Gari tí a ń gbé, kẹ̀kẹ́ kan ni. Adaidaita sahu ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níhìn-ín, èyí tí ẹ̀yin ará Èkó ń pè ní márúwá. Láti 2013 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà nígboro Kano, òun ni ẹsẹ̀ mẹ̀kúnnù. Ẹ ó wọ̀ ọ́ dé apá Kofar Mata, ẹ ó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ torí ọ̀nà á ti dí, ẹ ó wá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Oníkẹ̀kẹ́ á ní owó ọdún lòun máa gbà. Ẹ kọ́kọ́ kí i "Barka da Sallah", kí ẹ tó ná an. Ẹni tó bá fi ìjà bẹ̀rẹ̀ máa san owó àlejò.

Ní 2023, kí ìjà oyè tó dé, a kó àwọn ọmọ ilé wa mẹ́rin lọ. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta gurasa. Àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ ń tọrọ owó ọdún, goron Sallah, lọ́wọ́ gbogbo àgbà tó bá ń kọjá. Láìpẹ́ àwọn ọmọ tiwa náà ti ń tọrọ, a ò mọ ẹni tó kọ́ wọn. Oníbàárà wa kan wà tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa fún bí ọdún márùn-ún. "Ọga" ló ń pè wá, "Malam" là ń pè é, ó tán. Ó rí wa láàárín èrò lọ́jọ́ yẹn, ẹnu yà á, ó béèrè orúkọ wa, ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ, ó fi wá han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Ọdún márùn-ún lórí àtẹ kò ṣe ohun tí ọ̀sán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, a ò ní fi pa mọ́, oníṣòwò ni wá. Aṣọ Kwari tí wọ́n ń rán fún ọdún, ta ni wọ́n ń rán an hàn bí kò ṣe ara wọn lójú títì? Ọjà aṣọ máa ń wà, ẹṣin jáde ni o, kò jáde ni o. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́wàá ń rà pọ̀ torí Hawan Daushe, a ò rí wọn lọ́dún méjì yìí bí a ṣe ń rí wọn. Ẹni tó ń ta omi tútù, ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ń ran gàárì ẹṣin, oníkẹ̀kẹ́, onílé oúnjẹ, gbogbo wọn ló fara gbá a, ara wa sì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa kọ èyí ju owó lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2025, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n túnu, àwọn ọdẹ ará Kano kan ń ti Port Harcourt bọ̀ wálé wá ṣọdún. Ní Uromi, ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn èèyàn dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n rí ìbọn ọdẹ, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n. Wọ́n pa mẹ́rìndínlógún nínú wọn. Arìnrìn-àjò ọdún ni wọ́n. Gómìnà Ẹdó wá sí Kano wá bẹ̀bẹ̀. Ní Sabon Gari, a ò sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tó bá jẹ́ ará ìhà gúúsù mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn kan ti ilé ìtajà wọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní àdúgbò wa, mai unguwa ló rán ọmọ rẹ̀ sí wa pé kí a fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn wá. Ó dárúkọ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè wa ni pé: ibo ló ti mọ orúkọ wa? Kì í ṣe nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí a ń ṣe ní gbọ̀ngàn pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ọjọ́ 20, bọ́ọ̀sì kan gbéra láti agbègbè Zaria ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Qua'an Pan ní ìpínlẹ̀ Plateau. Wọ́n ṣìnà, wọ́n dúró ní Mangun láti béèrè ọ̀nà. Àwọn jàǹdùkú bò wọ́n, ó lé ní mẹ́wàá tó kú. Àlejò tó béèrè ọ̀nà ni wọ́n pa. Bí ẹ bá fi ti Uromi ti èyí, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, tí kò sí ọmọ ibẹ̀ kankan nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo èèyàn bí a ṣe rò.

Ìdí nìyí tí a fi ń bá ẹgbẹ́ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àdágbà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, akọ̀wé á gba owó, a ó háyà bọ́ọ̀sì ńlá, a ó so báńà orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ ọn, ó di ilé. Bí ọ̀dọ́ bá ní òun fẹ́ dá wọ ọkọ̀ láti gáréèjì, àgbà á ní, "Ṣé o fẹ́ kú ni?" Bó bá sì jẹ́ pé ọdún ìlú tí a wà ni, a kì í jáde rárá, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó máa wo ọdún Ìjẹ̀bú lórí fóònù. A ò bú àwọn àgbà wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2013, wọ́n ju bọ́ǹbù sí gáréèjì bọ́ọ̀sì ńlá ní New Road, Sabon Gari níbí, ọ̀pọ̀ èrò tó ń lọ sí ìhà gúúsù kú sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti jókòó sí. Ẹni tó bá rí ọjọ́ yẹn, kò ṣeé bá wí tó bá ń bẹ̀rù gáréèjì. Ohun tí à ń sọ ni pé ìbẹ̀rù ti di ìwà wa, a ò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Nítorí ọkọ̀ èrò ló kó wa dé ibí o. Ní nǹkan bí 1911 ni ojú irin láti Èkó dé Kano. Òun ló kó àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò láti Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wá. Wọ́n fún wọn ní Sabon Gari, ìyẹn ìlú tuntun, Yoruba Road sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó wọ rélùwéè nígbà náà jókòó ti Nupe, ó jókòó ti Hausa, ó ra mọ́sà lójú fèrèsé, kí ó tó dé Kano ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Ọmọ wa tó wọ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ní Kano tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yorùbá ló gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò mọ̀ bí ó ṣe gba Kaduna kọjá.

Rélùwéè yẹn ńkọ́? Wọ́n tún gbé ti èrò láti Èkó sí Kano dìde ní oṣù Kejìlá 2012, ó ń gbà ju ọjọ́ kan lọ, àwa náà wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn lápò. Ó ti pẹ́ tí a rí i gbẹ̀yìn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni ti Abuja sí Kaduna tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Àwọn agbébọn kọlù ú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èrò wọ igbó, oṣù Kejìlá ló tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2025, ó tún yẹ̀ kúrò lójú irin, ó tún sinmi fún ìgbà díẹ̀. Ti Kaduna sí Kano tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 2021, a ṣì ń retí rẹ̀.

Ó wá ku títì. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa mọ̀, Kaduna, Birnin Gwari, Tegina, Mokwa, Jẹ́bà, Ìlọrin, àwọn agbébọn ti fi ẹ̀rù sí apá Birnin Gwari, púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì ti ń yí gba Abuja àti Lọ́kọ́já. Mokwa gan-an, àgbàrá ya wọ ibẹ̀ ní òru mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2025, ó pa èèyàn tó lé ní 200. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ àwọn eléré ìdárayá Kano tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta já láti orí afárá, ó ku díẹ̀ kí wọ́n délé, ó lé ní ogún ọ̀dọ́ tó kú. Ẹ má sì gbàgbé owó. Kí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tó dé, epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà lítà kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó lé ní 500, ní oṣù keje ó di 617, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024 ó ti kọjá 1,000. Owó ọkọ̀ tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà fi ń lọ ilé tí wọ́n fi ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni kan ló ń bá lọ báyìí. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìdajì owó bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ọ̀fẹ́ ní Kérésìmesì 2023, láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 4 oṣù kìíní. A dúpẹ́. Àmọ́ ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì díẹ̀ péré ni wọ́n bá ṣe é, ẹni tó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì tiwa san owó rẹ̀ pé. Ní Kérésìmesì 2024, rélùwéè nìkan ni ọ̀fẹ́, rélùwéè tí kò dé Kano. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún wa?

Owó ọkọ̀ yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ ọdún ìlú tí a wà túbọ̀ ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò lówó lọ ilé ní Iléyá ní owó kẹ̀kẹ́ dé Kofar Mata. Ẹni tó wà ní Onitsha lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo Ọ̀fàlà ní oṣù Kẹwàá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos ní Nzem Berom. Ẹ̀yin Sokoto àti Birnin Kebbi, Argungu kò jìnnà sí yín, bí wọ́n bá ti ń kéde ọdún ẹja. Lára ìdí tí wọ́n fi dá ọdún náà sílẹ̀ ní 1934 ni láti fi ṣàmì pé ìjà Sokoto àti Kebbi ti parí. Wọ́n dá a dúró ní 2010, ó di 2020 kó tó tún wáyé. Ọdún mẹ́wàá! Ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù nípa ti Kano. Ohun tí wọ́n bá ti dá dúró fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, àwọn ọmọ tuntun ò ní mọ̀ pé ó wà rí.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣe é ní Calabar. Láti 2004 nígbà Gómìnà Donald Duke ni wọ́n ti ń ṣe kanífá wọn ní oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á jó gba ìgboro fún bíi kìlómítà 12. Kòrónà dá a dúró ní 2020 àti 2021. Ó padà ní 2022, mọ́tò kan sì ya wọ àárín èrò lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá lásìkò tí àwọn alùpùpù ń ṣe tiwọn, èèyàn kú. Wọ́n dá tọjọ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé kí ìgboro Calabar má jó mọ́, wọ́n tún ṣe é ní 2023. Ará wa kan tó ń ta bàtà níbẹ̀ sọ fún wa pé ọ̀sẹ̀ kanífá ló fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹni tó bá ti ìhà wa lọ, kó má gba ọ̀nà Itu lálẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ ọkọ̀ dé Uyo, láti Uyo dé Oron, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Oron sọdá sí Calabar. Ẹ rí i pé ẹ wọ ẹ̀wù tó ń léfòó, ẹ má sì wọ ọkọ̀ omi tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọ̀kadà kò sí ní ìgboro Calabar, kẹ̀kẹ́ àti takisí ni.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde náà, ọjọ́ kẹta Iléyá 2025 pé, ẹlẹ́ṣin jáde, ìdílé àwọn balógun jáde, ẹgbẹ́ ìgbàlódé jáde, gbogbo ayé ń wò ó. (Kí Ọlọ́run tẹ́ Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona, tó wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025, sáfẹ́fẹ́ rere.) Hausa tó ń gbé Sábó ní Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó ń wo Ojúde Ọba, kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló kàn wọ́n. Bí a bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́dọ̀ wa, kí ló dé tí àwa ò fẹ́ ẹ fún ara wa lọ́dọ̀ wọn?

Àwọn kan á ní ọdún Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì làwọn. Jọ̀ọ́, ní Ìbàdàn, ilé ta ni ẹran Iléyá kì í dé? Alhaji á gbé ìkòkò tiwọn fún Dékọ́nì, Dékọ́nì á gbé ìrẹsì Kérésì fún Alhaji. Ṣé torí a sọdá Ọya ni a fi gbàgbé?

Lórí ta ni Ẹ́míà, ẹnu wa ò gbà á, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa má sì wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ kí ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ. Ohun tí a lè sọ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ìgboro ní ọdún rẹ̀. Àwọn hákímì lè gùn ún láìsí Ẹ́míà kankan, wọ́n sì lè pín ọjọ́ àti ọ̀nà, kí ọlọ́pàá dúró láàárín. Ó yẹ kí àwọn olórí ẹgbẹ́ Yorùbá, ẹgbẹ́ Ìgbò àti ti àwọn ará ìhà gúúsù yòókù ní Kano jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí kọmíṣánnà ọlọ́pàá àti ìjọba ìpínlẹ̀ kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Bí àlejò bá jáde sọ pé ọdún yín ń wù wá, a ò rò pé ẹnikẹ́ni lè pè é ní ìjà.

Ti ìrìn àjò, a fẹ́ kí ẹgbẹ́ yí ọwọ́ padà. A ò ní kí wọ́n pa bọ́ọ̀sì rẹ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ dá wọ ọkọ̀ ní ẹni tí yóò pè. Ní oṣù Kejìlá 2024, ọkọ̀ tí a wọ̀ láti Kano bàjẹ́ sí Lọ́kọ́já ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ni ín, a ò ní dárúkọ wọn, kò gbé fóònù, dírẹ́bà sì bá tirẹ̀ lọ. Àwa àti èrò mẹ́ta mìíràn, Tiv kan àti Hausa méjì, wà lójú títì. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Kano ló rántí pé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wà ní Lọ́kọ́já, ó wá nọ́ńbà wọn rí. Ìyá kan ará Ìlá tó ń ta ẹja wá fi takisí kó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ́ ẹní fún wa, ó se àmàlà. Ọ̀kan nínú àwọn Hausa yẹn ò jẹ àmàlà rí, ó béèrè sí i. Nǹkan bí wákàtí méjì ni wíwá nọ́ńbà yẹn gbà. Kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá yan ẹni méjì tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀ka, tí ẹni tó ń rìn bá fi orúkọ ọkọ̀, nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti aago tó gbéra ránṣẹ́ sílùú tó kàn, a ti ṣe ohun tí owó bọ́ọ̀sì ò lè ṣe. Kí ọkọ̀ gbéra ní kùtùkùtù. Kí èrò kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tí wọn ò bá kọ orúkọ èrò sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọdún ìlú kan la fẹ́ lọ wò, kí a lọ ní mẹ́ta mẹ́rin, kí ọmọ ibẹ̀ kan wà láàárín wa, kí a sì ti kí olórí àdúgbò kí a tó dúró sójú títì.

Ìtúnu Ààwẹ̀ 2026 yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta, bí wọ́n bá ti rí oṣù. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi orúkọ gáréèjì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀ nílùú wọn ránṣẹ́ sí wa kí oṣù kejì tó parí, pẹ̀lú aago tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gbéra àti iye tí wọ́n ń gbà, a ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde síbí. Ẹ̀yin Lọ́kọ́já, a ti mọ tiyín. Minna àti Kaduna ni a ń retí jù, torí wọ́n ṣì ń jà pé gáréèjì méjì ló wà, èwo ni kí wọ́n kọ.